Mo ti fọwọ́ síwèé: ṣé owó oṣù mi ti di òdodo nìyẹn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́bìnrin ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà kan, ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀. Owó oṣù mi kò tó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi méjì níbi tí èmi fúnra mi ti ń kọ́ni. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ bá alábòójútó wa, wọ́n ní a ti fọwọ́ síwèé kí a tó bẹ̀rẹ̀, pé owó tí àwọn òbí ń san kò tó nǹkan, àti pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà. Bẹ́ẹ̀ Fadá wàásù láìpẹ́ yìí pé ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìjọ ti ń gbèjà òṣìṣẹ́. Ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀? Ṣé bó ṣe wà nígbà náà ló ṣe wà títí dòní? Ṣé ó sì kan àwa tí ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ gbà síṣẹ́?"

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà.

Èyí tó ń dùn yín jù ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí kò sọ owó oṣù yín di òdodo. Ìjọ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1891, kò sì sí Póòpù kan tó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ láti ìgbà yẹn. Ó kan ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, kódà ó kàn án ju bó ṣe kan ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ẹ ò ní rí ohun tí ẹ máa fi dá alábòójútó yín lóhùn, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n rò ó débi tó yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Kí ló dé tí àwa Yorùbá ń pe Kátólíìkì ní Àgùdà? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn kan nínú wọn gba òmìnira tí wọ́n sì padà wálé sí Èkó àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn là ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n gbé ìgbàgbọ́ náà wọ̀lú. Kí àwọn Fadá òyìnbó tó wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868, ọkùnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Pa Antonio, ẹrú tó ti dòmìnira, ló ń kó àwọn ará jọ fún àdúrà. Èyí já sí pé ẹnu àwọn tó ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó láìgba ọ̀yà ni orúkọ Ìjọ yìí ti dé etí wa. Mi ò lè sọ ìtàn ẹ̀kọ́ Ìjọ lórí iṣẹ́ kí n fo ibẹ̀ kọjá.

Ní 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba ilẹ̀ Potogí láṣẹ pé ó lè mú àwọn kèfèrí lẹ́rú. Ní 1537, Paul Kẹta kọ̀wé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira àti ohun-ìní àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ wọn. Ó di 1839 kí Gregory Kẹrìndínlógún tó fòfin de òwò ẹrú pátápátá fún gbogbo Kátólíìkì. Leo Kẹtàlá kọ lẹ́tà sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Brazil lórí ọ̀rọ̀ ẹrú ní ọjọ́ 5 oṣù May, 1888. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn náà ni Brazil fi òfin tú gbogbo ẹrú sílẹ̀. Ní March 2023 ni Róòmù wá sọ ọ́ gbangba pé irú ìwé tí Nicholas kọ yẹn kò bá ẹ̀kọ́ Ìjọ mu. Ó pẹ́ jù. Mo sọ èyí nítorí ẹ bèèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà yí padà. Ó yí padà, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé Ìjọ kò ṣàṣìṣe rí lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń pa ohun táwọn baba ńlá wa fi ara wọn mọ̀ mọ́ yín lójú.

Leo Kẹtàlá yìí kan náà ló kọ ìwé tó di ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló dá a rò. Láti ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gòkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní 1848, àlùfáà kan ní Jámánì tó ń jẹ́ Ketteler ti ń wàásù nínú kàtídírà Mainz lórí ohun-ìní àwọn olówó àti ìṣẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù; ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló di bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà. Ní ilẹ̀ Faransé, Léon Harmel, tó ní ilé iṣẹ́ ìranwú, kó àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn lọ kí Póòpù ní Róòmù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan fẹ́ kí Róòmù fòfin de ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Knights of Labor, tí ọ̀pọ̀ Kátólíìkì wà nínú rẹ̀. Ní 1887 Kádínà Gibbons ti Baltimore gbé ìwé lọ sí Róòmù láti bẹ̀bẹ̀ fún wọn. Ohun tó sọ ni pé bí Ìjọ bá lé àwọn òṣìṣẹ́ yìí dànù, wọn ò ní padà mọ́. Róòmù gbọ́.

Ti Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń já ẹrù ọkọ̀ ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù kì í ní iṣẹ́ tó dájú. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀gá iṣẹ́ á jáde, tí á nawọ́ sí ẹni tó wù ú. Wọ́n á máa ti ara wọn, wọ́n á máa gun ara wọn lórí, kí ojú ọ̀gá lè bà lé wọn. Ẹni tó ríṣẹ́ lè ṣe wákàtí méjì péré kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Kọ́bọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń gbà ní wákàtí kan. Ní August 1889 wọ́n yanṣẹ́ lódì, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà. Kọ́bọ̀ kan péré ló wà láàárín ohun tí wọ́n ń gbà àti ohun tí wọ́n ń bèèrè, síbẹ̀ àwọn olówó èbúté kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó jáde láti là wọ́n ni Kádínà Manning, ẹni ọdún 81, àgbàlagbà tó gbẹ fíofío. Ó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn olówó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Ní September ó wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní àdúgbò Poplar, ó jókòó ti àwọn olórí ìyanṣẹ́lódì fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí wọ́n fi gbà. Wọ́n rí sísì wọn gbà. Nígbàkigbà tí mo bá rántí ìtàn yìí, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé inú kíláàsì ni wọ́n ti parí ẹ̀.

Ní ọjọ́ 15 oṣù May, 1891, ìwé Leo jáde. Òun náà ti pé ẹni ọdún 81. Orúkọ Látìnì tó ń jẹ́ ni Rerum Novarum. Nígbà tó ń kọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ayé àtijọ́, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ahunṣọ tiwa náà ní, ti tú ká ní ilẹ̀ Yúróòpù. Òfin ló tú wọn ká ní Faransé ní 1791. Òṣìṣẹ́ wá ku òun nìkan níwájú olówó. Leo gbèjà ẹ̀tọ́ ènìyàn láti ní ohun-ìní tirẹ̀, ó sì ta ko àwọn sósíálíìstì, tó fẹ́ kí ohun-ìní di ti gbogbogbòò, lórí ìyẹn. Ó ní kí ọmọdé má ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, kí òṣìṣẹ́ sinmi lọ́jọ́ Sunday, kí wọ́n sì lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ibi tó kàn yín gan-an ni ibi tó ti sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ó ní àwọn kan ń wí pé bí agbanisíṣẹ́ bá ti san iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ó ti bọ́. Leo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ọwọ́ ènìyàn jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, ó lè tà á ní iye tó wù ú, tàbí kó fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n agbára ọwọ́ yẹn náà ló ń bọ́ ọ, ojúṣe gbogbo ènìyàn sì ni láti dá ẹ̀mí ara rẹ̀ sí. Ìdájọ́ òdodo kan wà tó ti wà ṣáájú àdéhùn èyíkéyìí: owó iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tó lè gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́wó ná, tó sì ń hùwà tó tọ́. Bí àìní tàbí ìbẹ̀rù ohun tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ bá mú un gba èyí tó kéré sí i, nítorí pé agbanisíṣẹ́ kò fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, Leo ní ipá àti àìṣòdodo ló borí rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà kò ní pẹ́ lóye èyí. Bàbá jẹ gbèsè, ó fi ọmọ ṣọfà. Ọmọ ń ro oko olówó láti òwúrọ̀, gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju èlé lọ, owó gan-an ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, onígbọ̀wọ́ wà, kò sẹ́ni tó yọ idà sí bàbá. Tọkùnrin tobìnrin àdúgbò ló máa jẹ́rìí pé ó fẹnu ara rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé àìní ló ń fi ẹnu bàbá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà? Olùkọ́ wa, lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ síwèé, ta ni ó ń fi ọwọ́ yín kọ̀wé?

Ní ti èrè ọ̀run, mo gbà gbọ́ pé ó wà. Ṣùgbọ́n Leo ti dáhùn ìyẹn náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkàn ni Ìjọ ń tọ́jú tí kò sì ka ìgbé ayé àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ó tún rán àwọn olówó létí ọ̀rọ̀ Jákọ́bù orí karùn-ún, pé ọ̀yà àwọn alágbàṣe tí wọn kò san ń ké, igbe rẹ̀ sì ti dé etí Olúwa. Ẹni tó jẹ gbèsè láyé kò lè ní kí Ọlọ́run bá òun san án lọ́run.

Ọ̀rọ̀ owó àwọn òbí tí kò tó ńkọ́? Èyí lágbára ju ti ọ̀run lọ, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Pius Kọkànlá ló yanjú ẹ̀ ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀. Ìwé tirẹ̀, Quadragesimo Anno, ló fi orúkọ ìdájọ́ òdodo láwùjọ múlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Póòpù, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé owó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tó òun àti ìdílé rẹ̀. Ó gbà pé kò yẹ kéèyàn béèrè owó tó máa ba ilé iṣẹ́ jẹ́, nítorí bí ilé iṣẹ́ bá wó, orí òṣìṣẹ́ ló máa wó lé. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan mẹ́ta kún un. Bó bá jẹ́ ìwà ọ̀lẹ àti àìmọ̀ọ́ṣe àwọn ọ̀gá ni kò jẹ́ kí owó wọlé, ìyẹn kì í ṣe ìdí láti gé owó òṣìṣẹ́. Bó bá jẹ́ àwọn ará ìta ló ń fún ilé iṣẹ́ lọ́rùn, ẹ̀bi wà lọ́rùn wọn. Bó bá sì jẹ́ pé nǹkan le ní tòótọ́, kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jókòó pọ̀ kí wọ́n wá ọ̀nà rẹ̀. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá sọ pé kò sówó, èyí tó tọ́ kí ẹ béèrè ni pé kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò kí ẹ jọ wò ó. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ nípa owó kì í bẹ̀rù ìyẹn.

John Kẹtàlélógún, ọmọ àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó kún un ní 1961. Paul Kẹfà gbé e dé ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè gbogbo ayé ní 1967. Mi ò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀.

Ohun méjì tó yí padà ló kàn yín. Àkọ́kọ́ ni ti obìnrin. Leo gbà pé ilé ni iṣẹ́ obìnrin wà, bàbá ni ó ń rò nígbà tó ń sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Olùkọ́ bíi tiyín, obìnrin tó ń fi owó oṣù rẹ̀ gbé ilé ró, kò sí níwájú rẹ̀. Ní 1995, John Paul Kejì kọ lẹ́tà sí gbogbo obìnrin ayé, ó sì béèrè pé kí iṣẹ́ kan náà gba owó kan náà, ì báà ṣe ọkùnrin ló ṣe é tàbí obìnrin. Èkejì ni ìyanṣẹ́lódì. Ní 1891, wàhálà tó yẹ kí ìjọba tètè dènà ni Leo kà á sí, bó tilẹ̀ ní ohun tó ń fà á ni kí wọ́n mú kúrò. Nígbà tó fi di 1965, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé tí à ń pè ní Vatican Kejì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọ̀nà yòókù bá ti tán, ìyanṣẹ́lódì lè pọn dandan láti gbèjà ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Lọ́ńdọ̀nù ti mọ èyí ní ọdún 76 ṣáájú.

John Paul Kejì yìí, iṣẹ́ kì í ṣe ohun tó kà nínú ìwé lásán. Nígbà tí Jámánì gba Poland, ó fọ́ òkúta ní Zakrzówek lẹ́yìn ìlú Kraków, lẹ́yìn náà ó ń ru garawa ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Solvay. Ìwé tó kọ lórí iṣẹ́ ní 1981, Laborem Exercens, yẹ kó jáde ní May, àádọ́rùn-ún ọdún tí ti Leo jáde, ṣùgbọ́n wọ́n yìnbọn lù ú ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ló fi di September. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kí a tó wo irú iṣẹ́, ẹni tó ń ṣe é ni ká kọ́kọ́ wò. Iṣẹ́ wà fún ènìyàn, ènìyàn kò wà fún iṣẹ́. Ó ka ohun tó tọ́ sí òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí owó oṣù: ìtọ́jú nígbà àìsàn, ìsinmi, owó ìfẹ̀yìntì, ààbò bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní February 1982, oṣù márùn-ún lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ó wá sí Nàìjíríà, ó sì dé Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Póòpù tó gorí oyè ní May 2025 mú orúkọ Leo Kẹrìnlá nítorí Leo tí à ń sọ yìí, ó ní ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn ti gbé ìbéèrè tuntun dìde lórí iyì òṣìṣẹ́.

Ó wá ku ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn, pé ṣé ó kan ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí agbanisíṣẹ́. Ní 1971, àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti gbogbo ayé ṣe Síínódì lórí ìdájọ́ òdodo ní Róòmù. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ òdodo, òun ni kó kọ́kọ́ jẹ́ olódodo lójú wọn, wọ́n sì sọ ọ́ pé kí àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ fún Ìjọ máa gba owó tó tọ́, kí wọ́n sì máa gba ìgbéga. Nígbà tí wọ́n tún ìwé òfin Ìjọ ṣe ní 1983, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Òfin 231 fún àwọn ọmọ ìjọ tó ń ṣe iṣẹ́ ìsìn pàtàkì fún Ìjọ ní ẹ̀tọ́ sí owó tó yẹ, àti ètò ìlera àti ìfẹ̀yìntì. Òfin 1286 sì kan ẹnikẹ́ni tó ń ṣàkóso ohun-ìní Ìjọ. Ní 1986 àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé gbogbo ìlànà tó de ilé iṣẹ́ èyíkéyìí de Ìjọ náà, àti pé Ìjọ ló tiẹ̀ yẹ kó jẹ́ àwòkọ́ṣe.

Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó ṣọ́ọ̀ṣì kan rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a fọwọ́ sí táìsì tuntun fún ibi pẹpẹ kí omi tí wọ́n gbé ká iwájú wa tó tán. Ọ̀rọ̀ owó oṣù katikíìsì àti ti maiguard ló kàn. A fi wákàtí kan àti ààbọ̀ jiyàn, a ní kí wọ́n gbé e dìgbà mìíràn. Èmi náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e dìgbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Nígbà tí a jáde, maiguard náà ló ṣí géètì fún wa, ó ní "Ẹ kú ìpàdé, sà." Mi ò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀.

Ohun tí mo rò pé kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ má fi ẹnu lásán lọ mọ́. Ẹ jọ kọ lẹ́tà kan, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ iye tí ilé, oúnjẹ, ọkọ̀ àti owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń gbà lóṣù sínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ẹ ń gbà. Owó tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba gbé kalẹ̀ ní July 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òfin náà lè yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Ìjọ kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì dúró lórí iye tí ìjọba dá. Ìdílé ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bá yín jókòó lórí ìwé ìṣirò. Bí alábòójútó kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ dáyọ́sísì, kí ẹ sì fún JDPC, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òdodo, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà dáyọ́sísì yín, ní ẹ̀dà kan; irú ọ̀rọ̀ báyìí wà lára ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Kí ẹ má baà máa wá òfin 1286 kiri, mo tú u sí Yorùbá sísàlẹ̀ yìí. Ẹ fi í sókè lẹ́tà yín:

"Kí àwọn alákòóso ohun-ìní Ìjọ, bí wọ́n bá gba ènìyàn síṣẹ́, máa pa òfin ìlú lórí iṣẹ́ àti ìgbé ayé àwùjọ mọ́ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Ìjọ fi lélẹ̀, kí wọ́n sì máa san owó tó tọ́, tó sì yẹ, fún àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn, kí wọ́n lè fi gbọ́ bùkátà ara wọn àti ti àwọn ará ilé wọn bó ti yẹ."